Ta Ló Ṣì Dì Í Mú? Ogójì Ọdún Mi Nídìí Fáìlì Ilé Ìwòsàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá ẹ̀mí mi sí. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Ọ̀jọ́ ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe sílẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Bàbá, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í sú èèyàn ni? Ẹ̀ ń jókòó síwájú ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Nínú ogójì ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ìrìn ni mo rìn jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Orúkọ mi ni Músílíù. Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé wa kò jìnnà sí etí omi. Ilé kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà. Áfáà wa máa ń kọ súrà sí ara wàláà onígi fún wa. Tí a bá kà á já, a óò fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè kọ òmíràn. Wàláà kò pọ̀, nítorí náà èèyàn méjì tàbí mẹ́ta la jọ máa ń lo ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan mo sáré fọ tiwa kí ẹnì kejì mi tó kà á tán. Ẹgba mẹ́ta ni mo jẹ. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí dá sílẹ̀, níbi tí mo ti kọ́ èdè òyìnbó àti ìṣirò. Ohunkóhun tí mo dà láyé, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ ní Ìbà ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n wò ó pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ebi kò pa mí. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá mi nínú yàrá fáìlì ni Pa Odùmósù, ará Ìjẹ̀bú, àgbà ìjọ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, n kò sì rí i kí ó dọ̀tí rí nínú eruku yàrá yẹn. Wọn kì í gbé ohùn sókè. Tí o bá ṣe àṣìṣe, wọn yóò bọ́ awò ojú wọn, wọn yóò nù ún, wọn yóò tún wọ̀ ọ́, wọn yóò wá ní, “Músílíù, tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.” Ìnu awò yẹn le ju ẹgba Áfáà lọ.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí pẹpẹ, ìṣó kékeré kan sì wà lábẹ́ àyè kọ̀ọ̀kan. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní àwọn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ wọ́ọ̀dù náà sí: Ìgbẹ̀bí, Ọmọdé, Ọkùnrin, Obìnrin. Wọ́ọ̀dù tó bá ń tọ́jú aláìsàn yóò fi pákó rẹ̀ kọ́ sára ìṣó nọ́ńbà náà. Tí ìtọ́jú bá parí, wọn yóò wá mú pákó wọn lọ. Tí kò bá sí pákó kankan mọ́ lára ìṣó, a lè kó fáìlì náà lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí wa, kí a sì fi àyè àti nọ́ńbà náà fún aláìsàn tuntun, nítorí àyè kò tó wa rárá.

Ṣùgbọ́n Pa Odùmósù ní òfin kan lé e. Kí a tó fi àyè kan fún ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ yí gbogbo ilé ìwòsàn ká, láti yàrá dé yàrá, kí a máa pe nọ́ńbà náà sókè pé, “Ta ló ṣì dì í mú?” Nínú oòrùn, nínú òjò, nínú àwẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ladani ti dé o!” ni wọ́n máa ń wí tí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi lọ́ọ̀dẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Pa pé kí ló dé tí a ń rìn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a lè wo ìṣó. Wọ́n ní, “Ìṣó ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe. Lọ béèrè ohun tí gbogbo wọn ń ṣe.”

N kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ramadan, ara mi ti rọ̀. Agbẹ̀bí kan láti yàrá iwájú ní wọ́ọ̀dù Ìgbẹ̀bí wá mú pákó Ìgbẹ̀bí kúrò lára ìṣó nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta. Mo wo ìṣó, ó ṣófo. Mo ní kí ni mo ń yíká fún? Mo kó fáìlì náà kúrò, mo sì fi nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta fún obìnrin mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé obìnrin àkọ́kọ́ kò tíì lọ sílé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e lọ, nínú Ìgbẹ̀bí kan náà. Àwọn ti iwájú rò pé àwọn ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n mú pákó. Àwọn ti ẹ̀yìn ṣì ń tọ́jú rẹ̀, nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta ṣì wà lára káàdì ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di pé ó nílò ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí wa, mo sì fi tọkàntọkàn gbé fáìlì obìnrin kejì fún wọn. Irú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì kò bára mu.

Ọlọ́run ló ṣàánú. Àgbà agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ ṣí fáìlì, ó ní, “Ẹ dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ti bí mẹ́rin. Èyí tó wà níwájú mi yìí, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí.”

Pa Odùmósù nu awò wọn títí mo fi rò pé yóò fọ́. Wọ́n ní, “Músílíù, o kò jalè, o kò purọ́. Àyè tí ẹnì kan ṣì dì mú lo fi fún ẹlòmíràn. Ẹni tó dì í mú kò mọ̀. Ẹni tuntun kò mọ̀. Ìwọ nìkan ló yẹ kó mọ̀.” Wọ́n mú mi lọ bẹ obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ní kí n yíká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo máa ń yíká lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ náà ń yí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, mo kọ́ ọ. Pa Odùmósù fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà dé, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo lọ kọ́ ọ ní Òkòkòmáíkò, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ibùdókọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó yá ilé ní Ìbà ló ń kọ́ wa. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Ó máa ń sọ pé, “Bàbá, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, kì í bunijẹ,” nígbà tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sí Badagry bá ń bò ó lóhùn mọ́lẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, èmi ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Áfáà Kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn kó gbogbo fáìlì kúrò lórí pẹpẹ sínú sáfà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé ìwòsàn, tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú wọ́ọ̀dù ń bá sọ̀rọ̀ láti gba ohun tí wọ́n bá fẹ́. Èmi ni mo tò ó. Ètò tó ń pín fáìlì náà yára gan-an, nítorí pé inú ọkàn sáfà gan-an ló ń gbé, níbi tí gbogbo àṣẹ ti ń jáde. Mo fi í yangàn.

Bí mo ṣe ń tò ó, àṣà pákó wà lọ́kàn mi. Orúkọ wọ́ọ̀dù ló wà lára pákó, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní Ìgbẹ̀bí, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Mo wá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé: Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jáde kúrò nínú sáfà kí ẹ tó lọ sílé. Mo rò pé kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á gbé báàgì.

Bí ó ti ń lọ dáadáa fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn, títí sáfà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Nígbà tí a bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, ní aago méjì ọ̀sán, gbogbo kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ bátìrì, mo bú àwọn oníná. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí ohun tí n kò rí: ọjọ́ tí Rónkẹ́ bá ṣiṣẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń ṣubú.

Rónkẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìgbẹ̀bí, ọmọ Abẹ́òkúta, ó ń gbé ní Òkòkòmáíkò, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Òun ló ń ran ìyá rẹ̀ àti àbúrò méjì lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Rónkẹ́, jọ̀ọ́, má lọ sílé o, sùn síbí lónìí!” “Ẹ yọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí máòsì!” Nígbà tó yá, ẹ̀fẹ̀ di ìfura. Wọ́n ní ó ń pa fáìlì rẹ́. Èmi alára pè é.

“Rónkẹ́, kí lo máa ń tẹ̀ ní aago méjì?”

“Bàbá, mi ò tẹ nǹkan kan. Mo kàn ń jáde ni.”

“Irú ìjáde wo nìyẹn, tí gbogbo ilé ìwòsàn ń bá ẹ jáde?”

Ojú rẹ̀ pọ́n. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ká máa jáde. Àbí èmi nìkan ni mo mọ̀wé kà níbí?”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò sì gbọ́ ọ. Mo rò pé ó ń gbó mi lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n gbé aboyún kan wá láti Navy Town. Oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà rárá, ó sì wà nínú fáìlì rẹ̀. Aago méjì lù, sáfà ṣubú, fáìlì kò ṣí. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ ti fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́ kí obìnrin náà tó bi í pé, “Kí ni ẹ fẹ́ gún fún mi?” Wọ́n sọ ọ́ fún un, ó sì figbe ta. Kò sí ohun tó ṣe é, ó bí ọmọbìnrin láyọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Mátírọ́ọ̀nù wa, obìnrin Ọ̀yọ́ kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, fún Rónkẹ́ ní ìwé ẹ̀sùn. Àwọn aláṣẹ yóò jókòó ní ọjọ́ Ẹtì. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn yóò sì kọ̀wé sí àwọn tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ náà, lẹ́yìn tí mo kírun Ayìlá tán, mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí wa lọ wá wáyà. Pẹpẹ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Pákó Ìgbẹ̀bí kan ṣì wà lára ìṣó, eruku ti bò ó. Mo mú un lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ sì padà sí mi létí: èmi nìkan ni mo mọ̀wé kà níbí?

Òun nìkan ló ń jáde. Àwọn yòókù kì í jáde rárá.

Mo jókòó sórí àpótí kan. Yàrá iwájú mú pákó, yàrá ẹ̀yìn ṣì dì í mú. Nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta.

Mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, mo fi ètò sáfà náà sínú rẹ̀ láìsí fáìlì aláìsàn kankan, mo sì so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ ọn. Mo fi orúkọ kan náà wọlé láti ara méjèèjì. Bí èkejì ṣe ń gba fáìlì ńlá kan lọ́wọ́, mo jáde lára èkíní. Kò ṣẹlẹ̀. Mo tún un ṣe. Ní ìgbà keje, sáfà ṣubú gbì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà ní ibi ìrántí, ó pín sí àyè àyè bíi pẹpẹ wa. Tí Rónkẹ́ bá jáde, sáfà á gba àyè tó kọ Ìgbẹ̀bí sí, á sì fi í fún nǹkan mìíràn. Kò yíká. Kò béèrè ẹni tó ṣì dì í mú. Iṣẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà méjì tó kù ń bá a ṣe ṣì ń nawọ́ sí àyè yẹn bíi pé tiwọn ni. Tí ohun tí sáfà bá níbẹ̀ kò bá yé e mọ́, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Àwọn ọjọ́ tí kò ṣubú, orí ló kó wa yọ.

Mo wá àwọn ìkìlọ̀ tí àwọn tó ṣe ètò náà ń gbé jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe rẹ̀, ó ti wà níta fún oṣù mélòó kan. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni ibi tó bá mọṣẹ́ lè fi àṣẹ tirẹ̀ sínú àyè tó ṣófo yẹn, kí ó sì gba gbogbo sáfà náà, nítorí inú ọkàn rẹ̀ ni ètò náà ń gbé. Èmi tí mo ń tọ́jú àṣírí àwọn ìyá, oṣù wọ̀nyẹn ni n kò fi fi àtúnṣe sí i, nítorí mo ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo tún ti ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un láti íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n lè máa bójú tó o láti ilé mi ní Ọ̀jọ́.

N óò sọ òtítọ́ fún yín. Èṣù bá mi sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ń múra láti yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo lè fi àtúnṣe náà sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Sáfà kò ní ṣubú mọ́. Wọn yóò lé Rónkẹ́ lọ, gbogbo èèyàn yóò sì ní, “Ẹ ò rí i? Látìgbà tó ti lọ, ó ti dáa.” Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé, àfi Ẹni tí mo ń forí balẹ̀ fún lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Mo ti ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì náà pa lójú ẹsẹ̀, mo sì ní kí gbogbo wọ́ọ̀dù dáwọ́ jíjáde dúró títí n óò fi tún un ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, méjì tí mo so mọ́ ọn àti pákó Ìgbẹ̀bí wọ ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù. Rónkẹ́ jókòó sí igun, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ tó lọ̀ dáadáa.

“Áfáà, kí ni pákó yìí wá ṣe níbí?” ni Mátírọ́ọ̀nù béèrè.

“Ẹlẹ́rìí mi ni, Mà.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtàn nọ́ńbà méjìléláàádọ́ta fún wọn, n kò yọ ẹ̀bi tèmi kúrò. Mo wá fi hàn wọ́n lára kọ̀ǹpútà. Ní ìgbà kẹrin, ó ṣubú lójú gbogbo wọn.

Mátírọ́ọ̀nù fara ti ẹ̀yìn àga. “Ẹ jẹ́ kó yé mi. Gbogbo ẹni tó rú òfin, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó pa òfin mọ́ ló gba ìwé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ètò náà ló ní àléébù. Èmi ni n kò tún un ṣe nígbà tí àtúnṣe wà, èmi ni mo sì ṣílẹ̀kùn fún un síta. Tí ìwé kan bá wà láti fún èèyàn, orúkọ mi ni kí ó wà lára rẹ̀.”

Rónkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Bàbá, ṣé ẹ ti wá gbà pé mo mọ̀wé kà?”

Mátírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé Rónkẹ́ ya níwájú gbogbo wa. Ó sì fún mi ní ìwé tèmi pẹ̀lú, mo fọwọ́ sí i, ó ṣì wà nínú àpótí mi nílé. N kò bínú sí i.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn mo fi àtúnṣe náà sí i, mo dán an wò ní àìmọye ìgbà. Mo tún fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ló wo àléébù náà sàn, àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a máa mọ ẹni tó ṣe kí ni. Ní ọjọ́ Ajé, ní aago méjì, àwọn nọ́ọ̀sì kóra jọ sẹ́yìn Rónkẹ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. “Jáde! Jáde! Jáde!” Ó jáde. Sáfà dúró digbí. Wọ́n hó débi pé aláìsàn kan jí.

Oṣù mẹ́rin tó kù ni mo fi kọ́ Rónkẹ́ níṣẹ́. Òun ló ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Kò sí àtúnṣe tó máa jáde tí kò ní fi sí i lọ́jọ́ kan náà. Mo tún gbọ́ pé àwọn èdè tuntun wà báyìí tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọn kì í jẹ́ kí a fi àyè tí ẹnì kan ṣì dì mú fún ẹlòmíràn. Pa Odùmósù ti di olóògbé wàyí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí bí ó bá wù yín. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà. Ìbéèrè ọ̀gá mi kò tíì yí padà.

Ní ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ó yẹ kí a pa orúkọ mi rẹ́ kúrò nínú sáfà. Mo ní kí Rónkẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí n máa lọ kírun Alásárì. Ó wò mí, ó dìde, ó sì jáde kúrò nínú yàrá. Mo rò pé ẹkún ló fẹ́ lọ sun. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀, láti yàrá dé yàrá:

“Bàbá Músílíù! Ta ló ṣì dì wọ́n mú?”

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, wọn ò dì mí mú. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin, wọn ò dì mí mú. Nígbà tó dé Ìgbẹ̀bí, mo gbọ́ tí wọ́n jọ pariwo pọ̀, “Àwa ni o! A ò tíì ṣe tán pẹ̀lú wọn!”

Rónkẹ́ padà wọlé, ó nu ojú, ó jókòó. “Bàbá, ẹ máa lọ kírun yín,” ó ní. “Mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ wọn.”